Má tíì ra bátìrì, àbúrò: láptọ́ọ̀pù tó ń rí iná àmọ́ tí ò gbà á

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù mi ti lé lọ́dún mẹ́ta, ṣájà ẹ̀ ni èyí tí ẹnu ẹ̀ rí roboto tó ní abẹ́rẹ́ kékeré kan láàárín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, tí mo bá ti ki ṣájà bọ̀ ọ́, á kàn kọ 'plugged in, not charging', á dúró sí 43 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá tẹ wáyà ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbà díẹ̀, á tún dákẹ́. Tí mo bá yọ ṣájà, mo ṣì ń rí i lò tó wákàtí kan àtààbọ̀. Ó tiẹ̀ tún wá ń lọ́ra bí ìgbín, bóyá òun náà ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹnìkan ní bátìrì ti kú, ẹnìkan ní ṣájà ni, ẹlòmíì tún ní mọ́dábọ́ọ̀dù ni. Owó ọwọ́ mi ò lè ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?"

O káre, àbúrò mi, o ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Mo rí i pé owó gan-an ló ń dà ọ́ láàmú ju láptọ́ọ̀pù lọ, o ò fẹ́ ra nǹkan méjì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kó tó kan ẹyọ kan tó bàjẹ́. Nítorí ẹ̀, ìdáhùn mi àkọ́kọ́ ni pé má tíì ra nǹkankan. Àwọn mẹ́ta tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ò parọ́ o, oníkálùkù ń sọ ohun tó ṣe tiẹ̀ nígbà kan ni, àmọ́ láptọ́ọ̀pù mẹ́ta lè gbé ọ̀rọ̀ kan náà sójú síkírìnì kó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe wọ́n ò jọra rárá. Nínú tìẹ, o sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń ṣàwàdà, pé ó ń lọ́ra bí ìgbín. Àwàdà yẹn ló jẹ́ kí n fura, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ohun tó ń kọ síbẹ̀ yẹn ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà á bíi pé láptọ́ọ̀pù ń sọ pé bátìrì òun ti kú, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé òun rí iná lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ òun ò kó o sínú bátìrì, ìdí tí ò fi kó o ni kò sọ. Tí iná bá ti wọnú láptọ́ọ̀pù, ọ̀nà méjì ló ń yà sí: ọ̀kan ń bọ́ ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, síkírìnì, fáànù àti gbogbo ẹ̀, èkejì ń lọ sínú bátìrì, ṣípù kan sì wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó inú ẹ̀rọ tí gbogbo nǹkan so mọ́) tó dúró bí aṣọ́nà lẹ́nu ọ̀nà kejì yìí. Aṣọ́nà yìí lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa jẹ iná lọ kó sì ti ilẹ̀kùn bátìrì pa. Ìdí nìyẹn tí 43 ẹ fi dúró gbagidi, iná ṣájà ló ń gbé ẹ̀rọ, bátìrì ń wòran. Bátìrì tó sì gbé ẹ̀rọ fún wákàtí kan àtààbọ̀ láti orí 43 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti dàgbà lóòótọ́, àmọ́ òkú kì í rìn tó wákàtí kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà iná yẹn láti ara ògiri. Kiní dúdú tó wúwo tó wà láàárín wáyà ṣájà ẹ, òun ló ń gba iná ògiri, ibikíbi láàárín 100 sí 240 fóltì, wo ẹ̀yìn ẹ̀ wàá rí i tí wọ́n kọ ọ́, á wá sọ ọ́ di nǹkan bíi 19.5 fóltì tí láptọ́ọ̀pù lè gbé mì. Àwọn kan ń gbé 19 jáde, àwọn kan 20. Láti ibẹ̀, wáyà tín-ín-rín ló gbé e dé ẹnu ṣájà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: nínú ṣájà oníabẹ́rẹ́ bíi tìẹ, irú tí Dell àti HP ń lò, iná ò gba inú abẹ́rẹ́ yẹn kọjá. Irin roboto tó yí i ká ni iná ń gbà, inú ẹ̀ ni pọ́síìfù, ìta ẹ̀ ni nẹ́gẹ́tíìfù. Abẹ́rẹ́ yẹn, ẹnu tí ṣájà fi ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ ni. Nínú ti Dell, ṣípù kékeré kan wà nínú ṣájà tí wọ́n kọ orúkọ àti agbára ṣájà sí, HP náà ní ọ̀nà tiẹ̀ tó fi ń dá ṣájà mọ̀. Bó o bá ṣe ń kì í bọ̀ ọ́ báyìí, láptọ́ọ̀pù á bi í pé ta ni ẹ́, wáàtì mélòó lo lè gbé? Tó bá dáhùn pé 65 tàbí 90, aṣọ́nà á ṣílẹ̀kùn. Tí ò bá gbọ́ ìdáhùn, ẹ̀rù á bà á, torí kò mọ̀ bóyá ṣájà tó lágbára ni àbí èyí tó máa jóná tí òun bá fà á jù, ló bá kúkú pinnu láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀: kò ní kó iná sínú bátìrì, á sì tún fa ọwọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ sẹ́yìn kó má jẹun jù. O rí ìgbín ẹ báyìí. Kò rẹ̀ ẹ́, ó ń ṣọ́ra ni. Bátìrì tó bá gbó nìkan kì í sábà jẹ́ kí ẹ̀rọ lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ṣájà ṣì wà lára ẹ̀.

Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn láti inú ṣájà dé ìdí abẹ́rẹ́, òun ló tín-ín-rín jù nínú mẹ́ta. Tó o bá gé wáyà ṣájà àtijọ́ kan wò (èyí tó ti kú o, tí ò sí lára iná), wàá bá awọ dúdú lóde, lábẹ́ ẹ̀ wàá bá okùn bàbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n yí po bí ẹni yí òwú, nínú ìyẹn ni wáyà tó sanra díẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wàá wá rí èyí tó rí bí irun, tó jẹ́ pé ìdààmú díẹ̀ ló fi ń já. Ibi tó sì máa ń já sí ò ju méjì lọ, ibi tí wáyà ti jáde lára kiní dúdú yẹn, tàbí ìdí ẹnu tá à ń kì bọ láptọ́ọ̀pù, torí ibẹ̀ la máa ń ṣẹ́ po tá a bá ń ká wáyà, ibẹ̀ náà la máa ń gbé orúnkún lé tá a bá ń lo láptọ́ọ̀pù lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí irun yẹn bá ti já tí àwọn méjì tó sanra ò tíì já, iná á ṣì máa wọlé, gílóòbù ara ṣájà á ṣì máa tàn, ohun gbogbo á dà bíi pé ó dáa, àmọ́ ṣájà ti yadi. Tó o bá wá tẹ wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí méjèèjì tó já á fẹnu kanra, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, bátìrì á gbà, o ò ní pẹ́ gbọ́wọ́ kúrò tó fi máa dákẹ́ padà. Kí n má tàn ẹ́, èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí, mo ra bátìrì tuntun fún láptọ́ọ̀pù ara mi, mo tò ó síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún kọ fún mi, ọjọ́ kẹta ni mo tó wá fọwọ́ kan wáyà ṣájà tí nọ́ńbà wá gbéra. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ mo ń pa làpálàpá.

Bó o ṣe máa mọ̀ láìná kọ́bọ̀ nìyí. Pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ki ṣájà bọ̀ ọ́, bó o bá ṣe ń tàn án padà kó o máa tẹ F2 tó bá jẹ́ Dell, F10 tó bá jẹ́ HP, ó máa gbé ẹ wọ ojú ìwé kan tó ti wà kí Windows tó dé. Wá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bátìrì tàbí adapter (ṣájà nìyẹn) níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní in, àmọ́ ọ̀pọ̀ Dell máa ń kọ iye wáàtì ṣájà síbẹ̀. Tó bá kọ 65W tàbí 90W, ṣájà ń sọ̀rọ̀. Tó bá kọ Unknown, ó ti yadi nìyẹn. Ohun tó dáa nínú kéèyàn ṣe é níbẹ̀ ni pé Windows ò tíì dá sí i rárá, tí ìṣòro bá fara hàn níbẹ̀, o lè fọkàn balẹ̀ pé kì í ṣe Windows ló ń dà ọ́ láàmú, ẹni tó bá sì ní kó o lọ tún Windows gbé sórí ẹ̀, kí i kó o máa lọ. Àwọn Dell kan tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ sí ẹ létí fúnra wọn bí wọ́n bá ṣe ń tàn, pé àwọn ò mọ irú ṣájà tó wà lára àwọn, àwa kàn máa ń tẹ bọ́tìnnì kọjá ni, a kì í kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ ṣájà lára ògiri, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu ẹ̀, wo abẹ́rẹ́ yẹn bóyá ó dúró ṣánṣán, torí mo ti rí èyí tó tẹ̀ tó lọ fara ti ẹ̀gbẹ́ rí, wọ́n rọra nà án padà, ó parí síbẹ̀.

Ìdánwò tó gbọ́n jù lẹ́yìn ìyẹn ni kó o yá ṣájà ẹlòmíì, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Pé ẹnu ẹ̀ wọ ihò ò ní kó jẹ́ tiẹ̀. Ka ẹ̀yìn ṣájà ẹ, ibi tí wọ́n kọ Output sí, wàá rí fóltì àti ámpù. Fóltì gbọ́dọ̀ bára mu, 19 àti 19.5 ò jìnnà síra wọn, ìyẹn ò burú, àmọ́ má ṣe gbé èyí tó ga lọ fíofío sí i, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń jóná. Ámpù yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé ṣájà tí ámpù ẹ̀ pọ̀ jù á rọ́ iná lu láptọ́ọ̀pù, kò rí bẹ́ẹ̀ o, láptọ́ọ̀pù ló ń fa iye tó fẹ́, ṣájà kì í fi tipátipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ṣájà 90 wáàtì lè bọ́ láptọ́ọ̀pù tó ń bèèrè 65 láìsí wàhálà. Tó bá jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ni wàhálà wà: tí ẹ̀rọ bá ń bèèrè 90 tó o gbé 45 fún un, á gbé ẹ̀rọ àmọ́ ó lè má ku nǹkankan fún bátìrì, nígbà míì gan-an ọ̀rọ̀ kan náà tó ń kọ fún ẹ yìí ló máa kọ. Tí wọn ò bá kọ wáàtì sí i, sọ fóltì àti ámpù di púpọ̀ síra wọn, 19.5 lọ́nà 3.34 jẹ́ 65, 19.5 lọ́nà 4.62 jẹ́ 90.

Àwọn kan á ní kó o fi mítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn fóltì, wọ̀n ọ́n. Ó dáa, àmọ́ má jẹ́ kí mítà tàn ẹ́. Tó o bá fi wọn ṣájà tí ò sí lára ẹ̀rọ, ó lè ka 19.5 rẹ́kírẹ́kí, kó o wá kì í bọ láptọ́ọ̀pù kó jẹ́ pé bí ẹrù ṣe dé orí ẹ̀ báyìí ni fóltì já lulẹ̀, torí wáyà inú ẹ̀ ti já tán ó ku okùn kan tàbí méjì tó so ó pọ̀. Mítà ò sì ní sọ fún ẹ bóyá ṣájà ń sọ̀rọ̀ àbí ó ti yadi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Iná kékeré ara ṣájà náà bákan náà, ó kàn ń sọ pé iná dé ọ̀dọ̀ òun ni.

Ká wá ní o yá ṣájà tó bára mu tó ṣì ń ṣe bákan náà ńkọ́? Nígbà náà ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn ṣájà. Kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lára ẹ̀, ṣájà, àti bátìrì tó bá jẹ́ èyí tó ṣe é yọ, tẹ bọ́tìnnì tá a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, tò ó padà, wò ó. Ó máa ń dà bí idán lójú ẹni àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ nígbà míì, torí ṣípù aṣọ́nà yẹn náà máa ń há nígbà míì. Lẹ́yìn ẹ̀, fọwọ́ kan ihò tá à ń ki ṣájà bọ̀. Tó bá ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ, òun ni. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ihò yìí ní wáyà tiẹ̀ tí wọ́n kàn ń fà yọ tí wọ́n á fi tuntun sí i, iṣẹ́ tí ò pẹ́ ni, àmọ́ nínú àwọn míì wọ́n jó o mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù ni, ìyẹn gba ọwọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá jẹ́ Windows 8 sókè lò ń lò, ṣí Command Prompt (ojú dúdú tá a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) kó o tẹ powercfg /batteryreport, á sọ ibi tó kó fáìlì kan sí fún ẹ, ṣí i, wá Design Capacity àti Full Charge Capacity. Àkọ́kọ́ ni iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà lọ́mọdé, èkejì ni iye tó lè gbà báyìí. Tí èkejì ò bá tó ìlàjì àkọ́kọ́, bátìrì ń lọ sílé, bátìrì tuntun ò ní jẹ́ òfò fún ẹ lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ bátìrì tó ti gbó ṣì máa ń gba iná o, kì í kàn pẹ́ kó tó tán ni.

Ṣé ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló dá a dúró lọ́wọ́ ara ẹ̀? Ó ń ṣẹlẹ̀. Lenovo àti àwọn kan ní bọ́tìnnì kan nínú ẹ̀rọ tó ń ní kí bátìrì má kọjá 60 tàbí 80, kó lè pẹ́ láyé, àwọn èèyàn sì ti sáré lọ ra bátìrì nítorí ìyẹn rí. Ṣùgbọ́n 43 ò jọ ọ́, bọ́tìnnì kì í sì í yí padà torí pé èèyàn tẹ wáyà. Ooru náà wà níbẹ̀, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í fẹ́ gba iná tí ara ẹ̀ bá ti lé ní nǹkan bíi 45 ní ìwọ̀n Celsius, tí ẹ̀rọ bá ń jó ẹ lẹ́sẹ̀, jẹ́ kó tutù kó o tó dá a lẹ́jọ́.

Mọ́dábọ́ọ̀dù tí ẹnìkan sọ yẹn, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Àmì kan tí mo máa ń wò fún un ni pé iná ara ṣájà á ń tàn dáadáa lára ògiri, bó o bá ṣe ki ẹnu ẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù báyìí ló máa kú pii, tó o bá yọ ọ́, tó o fà á kúrò lára ògiri fún ìgbà díẹ̀, tó o sì dá a padà, á tún tàn. Nǹkan kan ti fara kanra nínú ẹ̀rọ nìyẹn, ṣájà sì ń gba ara ẹ̀ là. Tìẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka lẹ́tà àbúrò yìí tó jẹ́ pé ẹnu pẹlẹbẹ USB-C ni tiyín, ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà sí i, ìjíròrò kan náà ni ṣájà àti ẹ̀rọ máa ń ṣe, wáyà mìíràn ló gbà. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù ò gbé ju 9 fóltì lọ, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù sì ń bèèrè 20, ìdí nìyẹn tó fi ń wò ó níran. Okùn náà ní ìwọ̀n, èyí tí ò ní ṣípù nínú ò ní gbé ju 60 wáàtì lọ bó ti wù kí ṣájà lágbára tó. Kì í sì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gba iná wọlé, gbìyànjú èkejì kẹ́ ẹ tó sunkún.

Padà sọ́dọ̀ ẹ, àbúrò. Tí ìdánwò bá fi hàn pé ṣájà ni, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. O lè gbé e fún ẹni tó mọ ìjó wáyà kó gé ibi tó já kúrò kó fi ẹnu tuntun sí i, òun ló rọrùn jù lápò, mo sì ti rí èyí tó pẹ́ gan-an, àmọ́ rí i pé ó so irun àárín yẹn pọ̀, torí àwọn kan á so méjì tó sanra, wọ́n á tan iná ẹ̀ hàn ẹ́, wọ́n á gbowó, o tún padà sí 43. O lè ra àlòkù tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ gan-an, èmi ló wù mí jù, tó bá ti jẹ́ pé wáyà ẹ̀ ṣì le tí ò sì fi téèpù dì níbì kankan. O sì lè ra tuntun tó jẹ́ àdàkọ, nínú wọn èyí tó dáa wà, èyí tó kọ 90 sára tí ò sì lè gbé e wà, èyí tí ò ní ṣípù ìdánimọ̀ nínú rárá náà wà. Gbé e lọ́wọ́ wò kó o tó sanwó, tó bá fúyẹ́ jọ páálí òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ara ń fu mí sí i. Ki ṣájà náà bọ láptọ́ọ̀pù níwájú ẹni tó ń tà á, má gba "á ṣiṣẹ́ tó o bá délé".

Kó tó di ìgbà yẹn, o lè máa fi bó ṣe wà yìí ṣiṣẹ́, kì í sábà ba ẹ̀rọ jẹ́, ó kàn máa lọ́ra fún ẹ ni. Ṣùgbọ́n tí ìdí wáyà yẹn bá ń gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, tó bá ń ta pàrà tàbí tó ń rùn bí ọ̀rá tó ń jó, yọ ọ́ kíá. Má ṣe ṣí kiní dúdú yẹn fúnra ẹ, kapásítọ̀ inú ẹ̀ máa ń fi iná pamọ́ kódà tó o bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Wo abẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, àti ibi tá a fi ìka ń wọ́ lójú ẹ̀, tó bá ń wú sókè, bátìrì ló ń wú, ìyẹn ò sí nínú ohun tá à ń sọ látàárọ̀, pa ẹ̀rọ, má ki ṣájà bọ̀ ọ́ mọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan gún un.

Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹ o, lẹ́tà ni mo kà, mi ò sì lè búra, ihò tí ò dì mọ́ dáadáa náà lè ṣe gẹ́gẹ́ bí wáyà tó já ṣe ń ṣe, ṣájà tí o máa yá yẹn ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó o bá rí i yá, ki ṣájà náà bọ̀ ọ́, má ṣe mi wáyà ẹ̀ rárá, gbé ọwọ́ kúrò, kó o fún un ní ìṣẹ́jú 10. Tí 43 yẹn bá di 44 tí fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi tàtẹ̀yìnwá, o ti mọ ohun tí wàá rà.